Platine, palladium, rhodium: àwọn irin iyebíye tó wà lẹ́yìn wúrà àti fàdákà

Wúrà àti fàdákà ni tọmọdé tàgbà mọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyá tó ní ẹ̀gbà ọrùn wúrà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, owó á sì jáde. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan ni orúkọ mìíràn ti ń wọ etí wa: platine, palladium, rhodium. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé ń sọ ọ́, ìfilọ̀ orí WhatsApp ń pariwo rẹ̀, àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri náà ń béèrè rẹ̀ nídìí mótò. Kí ni wọ́n gan-an? Ṣé èèyàn lè tọ́jú owó sínú wọn bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sínú wúrà? Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Ìdílé irin mẹ́fà

Irin mẹ́fà ni wọ́n jọ ń pè ní ìdílé platine: platine fúnra rẹ̀, palladium, rhodium, iridium, ruthénium àti osmium. Inú òkúta kan náà ni wọ́n sábà máa ń wà. Àwọ̀ wọn jọ ti fàdákà, ṣùgbọ́n fàdákà máa ń dúdú tó bá pẹ́, platine kì í dúdú. Kì í dípẹtà, omi iyọ̀ kò rí i ṣe, ásíìdì kan ṣoṣo kò lè jẹ ẹ́, àfi tí wọ́n bá pa ásíìdì méjì pọ̀. Ó sì wúwo gan-an. Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà platine kan á lé ní kílò 21. Wúrà pàápàá kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, kílò 19 àti díẹ̀ ni tirẹ̀.

Wọ́n ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Wúrà tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀ lágbàáyé lé ní tọ́ọ̀nù 3 000 lọ́dún. Platine tí wọ́n ń wà lọ́dún kan, láwọn ọdún tó kọjá yìí, kò pé 200 tọ́ọ̀nù. Ti rhodium kò pé 30, ti iridium kò pé 10. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn yín o: ohun tó ṣọ̀wọ́n kọ́ ni yóò máa lówó lórí nígbà gbogbo. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó nílò rẹ̀. Osmium ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀ ẹni tó ń rà á kò pọ̀ rárá, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì máa ń mú èéfín olóró jáde tó bá pàdé afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá gbé e wá bá yín, ẹ ní kó gbé e padà.

Bí ayé ṣe mọ̀ wọ́n

Àwọn ará Sípéènì tó ń wa wúrà nínú odò ilẹ̀ tí a ń pè ní Kòlóńbíà lónìí ló rí platine nínú yanrìn. Inú wọn kò dùn sí i, torí ó ń dí wúrà lọ́wọ́, iná wọn kò sì lè yọ́ ọ. Wúrà a máa yọ́ ní ìwọ̀n ooru 1 064, platine ń béèrè 1 768. Wọ́n bá pè é ní platina, ìyẹn fàdákà kékeré, bí ẹni ń fi nǹkan ṣẹ̀sín.

Ti palladium tún pani lẹ́rìn-ín. William Hyde Wollaston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní 1802, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé e sí ilé ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1803, kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní irin tuntun ni. Àwọn onímọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ayédèrú ni, pé àdàlù platine àti mercure ni ẹnì kan fẹ́ fi lu jìbìtì. Láti ọjọ́ tí palladium ti dé ọjà ni iyèméjì ti ń bá a rìn, ẹ rí i?

Fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ọgbọ̀n, láti 1889 títí di 2019, àdàlù platine àti iridium ni kílò tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, ìdá 90 platine, ìdá 10 iridium. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ ní Sèvres, lẹ́bàá Párísì. Gbogbo òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ní Dantokpa nígbà yẹn, tí a bá tọ ìdí rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ irin kékeré yẹn la ó já sí. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé kì í yí padà.

Ohun kan tó yẹ ká rántí: platine kò di owó rí bí wúrà ṣe dì. Rọ́ṣíà gbìyànjú rẹ̀, ó fi platine ṣe owó ẹyọ láti 1828 sí 1845, ó pa á tì. Wúrà ni báńkì ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè ń kó pamọ́ títí dòní. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, a ó sì rí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú.

Ibi tí wọ́n ti ń wá

Ilẹ̀ Áfíríkà wa ni ilé wọn. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Bushveld, lápá Rustenburg àti Limpopo, ni nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 gbogbo platine tuntun ti ń jáde, àti bí ìdá 80 rhodium. Hans Merensky ló tọ́ka ọ̀nà ibẹ̀ ní 1924. Zimbabwe náà ní tirẹ̀. Ní ti palladium, Rọ́ṣíà ló ń bá Gúúsù Áfíríkà du ipò kìíní, láti ìlú Norilsk níbi tí òtútù ti ń pani. Kánádà àti Amẹ́ríkà ní díẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń wa wúrà ní Perma lápá Natitingou, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa platine lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó jẹ́ pé ibi méjì péré ló ń bọ́ gbogbo ayé, tí ọ̀kan bá húkọ́, ọjà á gbóná. Ní oṣù Ògúst 2012, àwọn awakùsà yanṣẹ́lódì ní Marikana, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa 34 nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2014, ìyanṣẹ́lódì mìíràn gba oṣù márùn-ún. Àwọn tó ń wa irin yìí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń gbé jáde. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín nígbà tí wọ́n bá ń fi àwòrán irin dídán hàn yín.

Ta ló ń lò wọ́n?

Mótò ni. Nídìí ọ̀pọ̀ mótò tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wá, àpótí irin kan wà lára páìpù èéfín tí wọ́n ń pè ní pot catalytique. Ẹ bá a là, ẹ ó rí nǹkan bí afárá oyin, ihò wínníwínní tó pọ̀ lọ jàra. Ara ihò wọ̀nyí ni wọ́n fi platine, palladium àti rhodium kùn, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Tí èéfín bá ń gba ibẹ̀ kọjá, irin wọ̀nyí á sọ májèlé inú rẹ̀ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn kò sì ní tán. Mótò bẹntiróòlù nílò palladium àti rhodium jù, ti diésẹ́ẹ̀lì nílò platine. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi í ṣe dandan, láti 1975. Yúróòpù tẹ̀ lé e láwọn ọdún 1990.

Wọ́n ń lo platine fún òrùka ìgbéyàwó náà, wọ́n ń lò ó nílé iṣẹ́ kẹ́míkà, ó sì wà nínú oògùn jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ cisplatine. Ṣùgbọ́n ní ti palladium àti rhodium, mótò ló ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá ra palladium, kó má tan ara rẹ̀ jẹ: ọjọ́ iwájú mótò ló ń fi owó rẹ̀ tẹ́tẹ́ lé lórí. Mótò tó ń lo iná mànàmáná nìkan kì í ní pot catalytique, torí kò ní èéfín.

Bí owó orí wọn ṣe ń gòkè tó ń ṣubú

Ibí yìí ni ká dúró sí dáadáa. Once ni wọ́n fi ń ta irin wọ̀nyí lágbàáyé, once kan jẹ́ gíráàmù 31,1, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ná an.

Ẹ mú platine. Ní oṣù Mars 2008, once kan kọjá dọ́là 2 200. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wà lábẹ́ 900. Ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀, ní 2023, ó ń rìn ní àyíká 1 000. Ní oṣù Mars 2008 kan náà, wúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé 1 000 dọ́là ni. Ní 2023, ó ti wà ní àyíká 1 900 sí 2 000. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra wúrà ti rí owó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹni tó ra platine ti pàdánù ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, platine ló ṣọ̀wọ́n jù!

Palladium ṣe tirẹ̀ lódìkejì. Lẹ́yìn tí àṣírí jìbìtì èéfín diésẹ́ẹ̀lì Volkswagen tú ní 2015, àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún diésẹ́ẹ̀lì, bẹntiróòlù gbà á, palladium sì ń gòkè. Ó kọjá 2 000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, ó kọjá 3 000 ní oṣù Mars. Ọdún méjì kò tíì pé tó fi já wá sábẹ́ 1 000.

Rhodium ni ẹlẹ́mìí líle jù. Nǹkan bí 10 000 dọ́là ní àárín 2008, nǹkan bí 1 000 kí ọdún náà tó parí. Ní 2016, kò tó 1 000 pàápàá. Ní oṣù Mars 2021, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 000. Ní 2023, ó ti já wá sí nǹkan bí 4 000. Ẹ jẹ́ ká fi owó wa ṣírò rẹ̀: ẹni tó fi mílíọ̀nù kan sẹ́fà sí i ní àárín 2008, nǹkan bí 100 000 sẹ́fà ló kù ú kù kí ọdún tó yí. Òótọ́ ni pé àwọn kan jẹ èrè ńlá nínú rẹ̀. Àwọn kan náà ta oko bàbá wọn.

Ẹ má sì rò pé àwọn ńlá kì í ṣubú síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mótò Ford kó palladium pamọ́ nígbà tó wọ́n gógó, ó sọ pé òun kò fẹ́ kó tán lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ọjà já, ó ní láti kọ ọ́ sínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002 pé nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là ti lọ.

Ọ̀nà tí àwọn tó ń rà á ń gbà

Ẹni tó wà ní Faransé tàbí ní Kánádà lè ra owó ẹyọ tàbí búlọ́ọ̀kù kékeré. Kánádà ń ṣe owó ẹyọ platine tirẹ̀ láti 1988, Amẹ́ríkà láti 1997. Ṣùgbọ́n ìdènà kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ lákọ̀ọ́kọ́. Ní Yúróòpù, wúrà tí èèyàn rà láti fi tọ́jú owó kì í san TVA. Platine àti palladium ń san án, ìdá 20 nínú 100 ni ní Faransé. Tí irin bá tó 100 000 sẹ́fà, 120 000 lẹ ó san, ẹ kò tíì fi èrè olùtajà kún un. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó máa dá TVA yẹn padà fún yín. Àfi tí ọjà bá gòkè ju ìdá 20 lọ kí ẹ tó lè sọ pé ẹ jẹ èrè fránkì kan. Àwọn kan ń fi tiwọn sí ilé ìpamọ́ ní Suwísì láti yẹra fún TVA, wọ́n á máa san owó ìpamọ́ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ olówó nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni láti ra ìwé tó dúró fún irin, ní báńkì tàbí lọ́jà ìpín òkè òkun. Irin náà wà nílé ìpamọ́, ìwé ni ẹ ní. Ọ̀nà kẹta ni ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ awakùsà, bí àwọn tó wà lọ́jà Johannesburg. Ní tiwa níbí, BRVM tó wà ní Abidjan ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ àti ìwé owó tí ìjọba ń yá. Kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ti máa ra platine.

Rhodium tún yàtọ̀. Kò ní ọjà gbogboogbò tí gbogbo ayé ti ń ná an bí wúrà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin bí Johnson Matthey ló ń kéde iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó fẹ́ tà kò ní ibi púpọ̀ láti lọ.

Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ sẹ́fà kún un. Owó wa so mọ́ euro, 655,957 sẹ́fà fún euro kan, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ná irin wọ̀nyí. Tí dọ́là bá rọ̀, irin lè gòkè níbẹ̀ kí èrè yín má sì hàn nílé.

Tó bá wà lọ́wọ́ yín nílé ńkọ́?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù fún ará abúlé nìyí, torí ohun tí a bá rà, ọjọ́ kan la ó tà á. Iná tí alágbẹ̀dẹ wúrà wa ń lò kò lè yọ́ platine. Òkúta àti ásíìdì tó fi ń dán wúrà wò, ti wúrà ni. Nítorí náà kò ní rà á, tàbí kó dá iye fàdákà lé e. A kò rí ọgbọ́n kankan nínú kí èèyàn fi owó àjọ ra ohun tí kò sẹ́ni tó lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kétu. Wúrà, ó kéré tán, ọjọ́ àìsàn ọmọ, ẹ ó rí ẹni gbà á.

Tí òrùka kan bá ti Faransé dé tí wọ́n ní platine ni, ẹ wo inú rẹ̀. Àmì platine tí wọ́n ṣe ní Faransé ni orí ajá. Orí ẹyẹ idì jẹ́ ti wúrà. Ẹ lè rí Pt 950 náà. Wúrà funfun, or blanc, kì í ṣe platine o. Wúrà tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ irin mìíràn ni, tí wọ́n sì sábà máa ń fi rhodium kùn lójú kó lè dán. Ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe bí nǹkan náà bá tóbi díẹ̀: ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì rì í sínú omi kí ẹ wo bí omi ṣe sún sókè tó. Gíráàmù 21 platine á sún mìlílítà omi kan péré. Irin lásán tó wúwo bákan náà á sún méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ló ń já síbẹ̀.

Àwọn tó ń fi orúkọ irin wọ̀nyí jẹun

Ìfilọ̀ tó ń rìn lórí fóònù máa ń sọ pé: fi 50 000 sẹ́fà sínú rhodium, a ó máa fún ọ ní 10 000 lóṣooṣù. Ẹ bi wọ́n léèrè: nǹkan tí owó orí rẹ̀ ti já rí láti 10 000 dọ́là sí 1 000 láàrin oṣù díẹ̀, báwo ló ṣe lè máa mú èrè kan náà wá lóṣooṣù? Irin kì í bímọ. Kò ní èlé. Owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n ń pín fún ẹni tó ṣáájú. Bẹ̀nẹ̀ kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ICC Services ní 2010, bí owó ìpamọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe wọ inú ihò. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba owó aráàlú láti fi dókòwò nílẹ̀ UEMOA gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ AMF-UMOA. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ AMF-UMOA fúnra rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù nìkan kò tó.

Mercure rouge náà wà níbẹ̀. Wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tàbí rédíò àtijọ́, pé mílíọ̀nù ni wọ́n ń rà á. Ní 2009, àhesọ yìí mú kí àwọn ará Saudi máa fi owó gọbọi ra ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tó ti gbó. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo orúkọ terres rares, wọ́n á ní irin iyebíye ni. Ìdílé mìíràn nìyẹn, ilé-iṣẹ́ ló ń lò ó, kì í ṣe ohun tí aráàlú ń tọ́jú sínú àpótí.

Pot catalytique ní Kútọnu

Ibi tí irin wọ̀nyí ti kàn wá ní tòótọ́ nìyí, torí Kútọnu ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún mótò venus de France ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti yọ pot wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn aláṣẹ Netherlands tí wọ́n ṣàyẹ̀wò àlòkù mótò tó ń bọ̀ ní Áfíríkà sọ ọ́ ní 2020. Èyí tó ṣẹ́kù, àwọn tó ń ra àlòkù irin ń wá a kiri gareji.

Inú pot kan, gíráàmù mélòó kan péré ni gbogbo irin iyebíye tó wà níbẹ̀. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti mótò sí mótò. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ ni olùrajà fi ń mọ̀, òun mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń dá iye kan náà lé gbogbo rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà, kí ẹ fi han olùrajà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gbà. Pot tí wọ́n ṣe lẹ́yìn, tí kì í ṣe èyí tó bá mótò wá, irin inú rẹ̀ sábà máa ń kéré gan-an.

Ẹ má fọ́ ọ nílé. Eruku afárá inú rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó ní òun á fi ásíìdì yọ platine níbẹ̀: èéfín ásíìdì yẹn ń pani, iyọ̀ platine tó ń jáde nínú rẹ̀ sì máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ikọ́ fée tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Mótò tó ṣì ń rìn, ẹ má yọ tirẹ̀ tà. Gbogbo ohun tó ń sé mọ́ ni ẹ ó máa fà símú ní títì.

Ní ti bougie tí wọ́n kọ iridium sí lára, tí àwọn ọmọ gareji ń kó jọ: ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ni iridium wà, bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kún àpò kan rẹ̀ kò tó gíráàmù mélòó kan.